Bí ẹ ṣe lè rí àwọ̀ kámò tó péye fún mọ́dẹ̀lì bàálù ogun

Ohun tó ń ba mọ́dẹ̀lì bàálù ogun jẹ́ jù lọ kì í ṣe gọ́ọ̀mù, kì í sì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Àwọ̀ ni, pàápàá kámò, àwọ̀ alábàwọ́n tí wọ́n fi ń fi bàálù pa mọ́ lójú ọ̀tá. Ẹnìkan á to mọ́dẹ̀lì Phantom, bàálù ogun Amẹ́ríkà kan, pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á fi sáńpépà ha gbogbo oríkèé rẹ̀ títí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi tí wọ́n ti so ó mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ kùn ún, á ṣí fọ́tò kan lórí fóònù, á po ọ̀dà títí yóò fi jọ ohun tó ń rí lójú fóònù, á sì kùn ún tayọ̀tayọ̀. Ilẹ̀ á mọ́, á gbé e síta, àwọ̀ ewé á ti di àwọ̀ ìgò, àwọ̀ iyanrìn á ti pọ́n bí epo. Mo ti rí èyí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé mọ́dẹ̀lì wá bá mi ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn dára.

Ohun tí wọ́n ń ṣì ṣe kò le. Wọ́n ń kun "F-16" tàbí "Alpha Jet" lásán. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàálù kan ló wà, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nídìí ìrù, bó ṣe rí ní ọjọ́ kan pàtó. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé àkọsílẹ̀ kan fún mọ́dẹ̀lì kan. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn páálí kíìtì, ìyẹn páálí tí ẹ̀yà mọ́dẹ̀lì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á, ẹ óò sọ páálí nù.
- Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní dátà. Ẹ kọ́kọ́ pa ìmọ́lẹ̀ alẹ́ tó ń jẹ́ kí ojú fóònù pọ́n, kí ẹ sì pa ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀.
- Rúlà tó ní mìlímítà, àti kálíkúlétọ̀.
- Ṣíbí rọ́bà funfun bíi mẹ́wàá, irú èyí tí wọ́n fi ń jẹ àìsìkiriìmù.
- Ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú.
- Ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì tí ẹ̀rọ wọn lè mú àwòrán tóbi tàbí kó dín in kù. Ní iwájú géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọn kò wọ́n.

Ọ̀dà aláwọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ má tíì rà á. Ìgbésẹ̀ kẹta ni yóò sọ èyí tí ẹ máa rà.

Ìgbésẹ̀ 1: Bàálù kan, nọ́ńbà kan, ọjọ́ kan

Bàálù ogun kì í wọ aṣọ kan títí ayé. Ẹ wo F-4 Phantom tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà lò. Àwọn tó kọ́kọ́ dé, àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lókè wọn, funfun nísàlẹ̀. Láti nǹkan bí 1965 ni wọ́n ti ń kùn wọ́n ní àwọ̀ ogun Vietnam: àwọ̀ iyanrìn kan, àwọ̀ ewé méjì, ikùn aláwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fa kámò náà yí ikùn ká, eérú abẹ́ sì pòórá. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn kan di ewé méjì pẹ̀lú eérú tó ṣú, àwọn mìíràn di eérú láti imú dé ìrù. Phantom kan ṣoṣo lè ti wọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú aṣọ wọ̀nyí kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹnìkan bá wá bi yín pé "Àwọ̀ wo ni Phantom?", ìbéèrè rẹ̀ kò tíì pé.

Nítorí náà, ẹ yan nọ́ńbà kan. Lára bàálù Amẹ́ríkà, ẹ wo ìdí ìrù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí nìyí: bí ẹ bá rí 66 níwájú nọ́ńbà náà, kì í ṣe pé 1966 ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Ọdún ìnáwó tí wọ́n fi ra bàálù náà ni. Fọ́tò lè jẹ́ ti 1968, ó sì lè jẹ́ ti 1985, nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí pa dà.

Lára bàálù tiwa, NAF (ìyẹn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà) ni ẹ máa rí, nọ́ńbà ẹyọ mẹ́ta á sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí bàálù dé orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ odi tí ẹ lè fi dí irọ́ mọ́ta. MiG-21 bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1975, Jaguar ní 1984. Ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2021 ni wọ́n gba JF-17 mẹ́ta wọṣẹ́ ní Makurdi. Bí ẹ bá wá rí JF-17 tó ní àmì ewé-funfun-ewé, tí wọ́n kọ 2015 sábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ni. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yanjú bí ẹ bá lè parí gbólóhùn yìí sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín, láìfi àyè kankan sílẹ̀: "Mo ń kun bàálù ..., nọ́ńbà ..., ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ..., bó ṣe rí ní ... (oṣù àti ọdún)." Bí ẹ kò bá mọ oṣù, ọdún nìkan tó. Bí ẹ kò bá mọ ọdún, ẹ yan bàálù mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó fọ́tò jọ, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bí adájọ́ ṣe ń yẹ ẹlẹ́rìí wò

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ lọ fún bàálù Amẹ́ríkà ni DVIDS, ibi tí iléeṣẹ́ ológun wọn fúnra wọn ń kó fọ́tò sí. Ọ̀fẹ́ ni. Lábẹ́ fọ́tò, ẹ óò rí ọjọ́ tí wọ́n yà á, ibi tí wọ́n ti yà á àti ẹni tó yà á. Wikimedia Commons ló tẹ̀ lé e. Ẹ fà á lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí kámẹ́rà kọ ọjọ́ tirẹ̀ sí, torí ọjọ́ tí ẹnìkan gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n yà á. Fún bàálù Nàìjíríà, ojú ìwé tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wa fúnra wọn ń gbé jáde àti fọ́tò àwọn oníròyìn níbi ayẹyẹ wọn ló dára jù.

Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò ní ọjọ́ kankan nínú mọ́, ojú rẹ̀ náà sì ti bà jẹ́. Ẹ bẹ ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé kó fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Bí kò bá mọ ibi tó ti rí i, ẹ gbé e sínú TinEye tàbí Google Lens, kí ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ tó pẹ́ jù. Ibẹ̀ ni ìtàn tòótọ́ rẹ̀ sábà máa ń wà.

Ẹlẹ́rìí èké tó wọ́pọ̀ jù nìwọ̀nyí:

Bàálù ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àti èyí tí wọ́n gbé dúró sẹ́nu géètì bárékè. Ẹ lè fọwọ́ kàn án, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé kò sí ẹlẹ́rìí tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kùn ún kẹ́yìn lè jẹ́ káfíńtà pẹ̀lú ọ̀dà tó rí rà lọ́jà. Ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí fún ibi tí ìlà irin rẹ̀ wà, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí fún àwọ̀.

Àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà láti ẹ̀gbẹ́. Ó rẹwà, ó mọ́, ó sì máa ń fi òsì nìkan hàn. Ayàwòrán náà ti ṣe ìpinnu tirẹ̀ lórí àwọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bákan náà ni mọ́dẹ̀lì tí ẹlòmíràn kùn: bí ó bá ṣì í, ẹ óò ṣì í tẹ̀ lé e. Àwòrán eré orí kọ̀ǹpútà àti èyí tí ẹ̀rọ hun fúnra rẹ̀ kò yẹ kó wọnú ìwé yín rárá.

Fọ́tò tí wọ́n yí òsì rẹ̀ di ọ̀tún. Èyí ló ń rẹ́ ènìyàn jẹ jù, torí kámò òsì àti ti ọ̀tún kì í bára mu. Bí lẹ́tà bá wà lára rẹ̀, ẹ kà á: bí ó bá ń ka sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí kò bá sí lẹ́tà, ẹ wá ohun tí kò lè pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹnu ìbọn F-16 wà ní apá òsì awakọ̀, lẹ́yìn ibi tó jókòó sí. Ti F-15 wà nídìí ìyẹ́ apá ọ̀tún. Ẹni tó bá mọ èyí, fọ́tò kò lè yí i lórí.

Ẹ wá fọ́tò òsì, ọ̀tún, òkè àti abẹ́. Abẹ́ ló ṣòro jù. Ìgbà tí bàálù bá ń yí sí ẹ̀gbẹ́ lójú ọ̀run, tàbí tó ń gba epo lọ́wọ́ ọkọ̀ epo òfurufú, ni ẹ sábà máa rí i.

Kí ẹ tó kúrò níbí: ó kéré tán, fọ́tò mẹ́ta ti nọ́ńbà kan náà, tí ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yà, tí kò ju ọdún kan lọ láàárín wọn. Méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ gbà lórí ibi tí ó kéré tán ààlà àwọ̀ mẹ́ta ti pàdé. Bí wọn kò bá gbà, wọ́n ti tún bàálù náà kùn láàárín méjèèjì. Ẹ pa dà sí gbólóhùn yín ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ yan ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá nọ́ńbà àwọ̀, ẹ má wá orúkọ rẹ̀

Bí mo bá sọ fún yín pé "ewé tó ṣú", ẹ̀yin mẹ́wàá á po ewé mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí àwọn ológun fi ń lo nọ́ńbà. Ti Amẹ́ríkà ni FS 595, ìwé nọ́ńbà àwọ̀ ìjọba wọn. Ní 2017 ni wọ́n pa ìwé náà dé, tí AMS-STD-595 sì gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọ̀ kò yí pa dà, FS ni gbogbo oníṣẹ́ mọ́dẹ̀lì sì ṣì ń pè é.

Nọ́ńbà náà jẹ́ ẹyọ márùn-ún, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹyọ àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń dán: 1 ń dán, 2 ń dán díẹ̀, 3 kò dán. Ẹyọ kejì ń sọ ìdílé àwọ̀: 0 jẹ́ buráùn, 1 pupa, 2 àwọ̀ ọsàn, 3 yẹ́lò, 4 ewé, 5 búlúù, 6 eérú, 7 sì ni ti dúdú, funfun àti àwọ̀ irin. Mẹ́ta tó kẹ́yìn ń lọ láti èyí tó ṣú sí èyí tó mọ́lẹ̀: bí ó bá ṣe kéré tó ló ṣe ṣú tó. Ètò lásán ni, kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa wúlò fún wa gan-an ní ìgbésẹ̀ tó kàn.

Àwọ̀ ogun Vietnam rèé: 30219 ni iyanrìn, 34102 ni ewé tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, 34079 ni ewé tó ṣú, 36622 ni eérú abẹ́. F-16 tí ọ̀pọ̀ yín ń tò: 36118 lókè lẹ́yìn awakọ̀ àti lórí ìyẹ́, 36270 ní imú àti ẹ̀gbẹ́, 36375 nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ F-16 Amẹ́ríkà ti ń di 36170 látòkè délẹ̀ ní ọdún àìpẹ́ yìí, nítorí náà ẹ bi ọjọ́ fọ́tò yín léèrè kẹ́ ẹ tó gbé mẹ́ta yẹn.

Ìlú mìíràn, ìwé mìíràn. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni BS 381C: 641 ni ewé wọn tó ṣú, 638 ni eérú òkun tó ṣú. Ti Jámánì ni RAL: F-104 wọn tí wọ́n fi ewé àti eérú kùn lókè, 6014 àti 7012 ni, 7001 sì wà lábẹ́. Fún MiG, ẹni tó ta ọ̀dà fún yín tó sì kọ "búlúù MiG" sára ìgò, ojú ara rẹ̀ ló fi wò ó. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èrò ni.

Bàálù tiwa ń fẹ́ sùúrù níhìn-ín. Ìwé nọ́ńbà ẹni tó tà á fún wa ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣí, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ta Jaguar fún wa, Faransé àti Jámánì ló jọ ṣe Alpha Jet, Soviet ló ṣe MiG. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá béèrè bóyá wọ́n ti tún un kùn nílé.

Ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà nínú kíìtì máa ń kọ nọ́ńbà ọ̀dà tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń tà. Bí wọn kò bá ta èyí tó bá a mu gan-an, èyí tó sún mọ́ ọn ni wọ́n máa kọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti FS, BS tàbí RAL, kí ẹ wá lọ wá ọ̀dà tó bá a mu. Fún Vietnam, ọ̀dà iléeṣẹ́ Humbrol nọ́ńbà 118 ni 30219, 117 ni 34102, 116 ni 34079, 28 ni 36622.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Mo kọ 34097 sínú ìwé mi dípò 34079. Ẹyọ méjì péré ló pààrọ̀ ipò. Ibi tó burú ni pé 34097 wà lóòótọ́, ewé ni òun náà, nítorí náà kò sí ohun tó kìlọ̀ fún mi. Mo wá ọ̀dà rẹ̀, mo rí i, mo kun gbogbo Phantom. Nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ti kùn tẹ́lẹ̀, ó ń tàn bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tínà nù kúrò. Láti ìgbà náà, mo máa ń ka nọ́ńbà sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń rí i níbi méjì tí kò da ara wọn kọ kí n tó náwó.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí ẹ tún wo ẹyọ kejì: bí ojú yín bá rí ewé, tí ìwé yín sì sọ 36, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ 4: Fọ́tò fún ààlà, nọ́ńbà fún àwọ̀

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Wọ́n ti ní nọ́ńbà, wọ́n ti ní fọ́tò, wọ́n sì tún pa dà lọ po ọ̀dà láti bá fọ́tò mu. Fọ́tò kò lè sọ àwọ̀ fún yín. Ẹ ya fọ́tò ògiri ilé yín kan náà ní aago méje àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún yà á nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bo gbogbo Ifẹ̀, tí òkè tó wà lẹ́yìn Yunifásítì kò hàn mọ́. Ògiri mẹ́rin ni ẹ máa rí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń mú un pọ́n, òjìji ń mú un ṣe búlúù, ọyẹ́ ń gba dídúdú lára dúdú. Bàálù ìgbà Vietnam tún ní ìṣòro tirẹ̀: fíìmù Kodachrome máa ń tọ́jú àwọ̀ dáadáa bí wọ́n bá fi í pa mọ́ sínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù Ektachrome àtijọ́ ti ń pọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ẹni tó bá fi irú wọn po ọ̀dà á kun bàálù tó ní ibà.

Ohun tí fọ́tò lè sọ, tó sì máa ń sọ òótọ́ lé lórí, ni èyí tó ṣú ju èkejì lọ. Ẹ sọ fọ́tò yín di dúdú-àti-funfun lórí fóònù, kí ẹ tò àwọn àwọ̀ náà láti èyí tó ṣú jù. Lẹ́yìn náà ẹ wo ẹyọ mẹ́ta ìkẹyìn nọ́ńbà yín. Fún Vietnam: 079, 102, 219, 622. Ewé tó ṣú ló yẹ kó ṣú jù, kí ewé kejì tẹ̀ lé e, kí iyanrìn tẹ̀ lé e, kí ikùn mọ́lẹ̀ jù gbogbo wọn. Ẹ fi wé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kan náà dé o. Ikùn tó wà nínú òjìji máa ń ṣú ju bó ṣe yẹ lọ, kò túmọ̀ sí pé nọ́ńbà yín kò dára.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí fọ́tò kan ṣe ṣìnà tó, ẹ wá funfun nínú rẹ̀. Àmì ewé-funfun-ewé lára bàálù wa ní funfun láàárín. Bàálù Amẹ́ríkà ti ìgbà Vietnam ní ìràwọ̀ funfun. Bí funfun yẹn bá pọ́n, gbogbo ohun tó kù náà ti pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ má wá ìràwọ̀ funfun lára F-16 òde òní o, eérú ni wọ́n fi yà á.

Bí ètò fọ́tò mẹ́ta bá bá ètò nọ́ńbà yín mu, ẹ máa lọ. Bí ó bá yàtọ̀ nínú méjì, ẹ ti mú nọ́ńbà aṣọ ọdún mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ya ààlà sórí ìwé ní ìwọ̀n mọ́dẹ̀lì

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Phantom gùn tó nǹkan bí mítà 19.2. Bí mọ́dẹ̀lì yín bá jẹ́ 1/72, ìyẹn ni pé gígùn bàálù gidi jẹ́ ìlọ́po 72 tirẹ̀, ẹ pín in sí 72, ẹ óò rí sẹ̀ǹtímítà 26.7. Bí àwòrán tó wà nínú kíìtì yín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ sọ fún oní-fọ́tòkọ́pì pé kó mú un tóbi dé 178 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó, torí ẹ̀rọ míì máa ń gé etí rẹ̀.

Lórí ìwé yìí ni ẹ máa fi pẹ́ńsùlù tún ààlà kíìtì ṣe kó bá fọ́tò yín mu. Ẹ má fojú díwọ̀n lásán. Ẹ fi ìlà irin bàálù ṣe òpó: "ewé yìí ré kọjá ìlẹ̀kùn yìí, ó sì yà níbi ìṣó kejì." Fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú máa ń fa imú gùn, kó sì sún ìrù kì, nítorí náà ẹ mú un ní apá kọ̀ọ̀kan: imú lọ́tọ̀, ìyẹ́ lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀.

Etí ààlà náà ní ìwọ̀n. Bí àwọ̀ méjì bá wọnú ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 lára bàálù gidi, mìlímítà 0.7 péré ni lára mọ́dẹ̀lì 1/72, mìlímítà 1 lára 1/48. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà tí etí rẹ̀ tàn ká tó mìlímítà 4 ní 1/72 ti kun bàálù tí àwọ̀ rẹ̀ wọnú ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 29. Kò sí bàálù tí mo rí nínú fọ́tò tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé mọ́dẹ̀lì lé ìwé náà. Bí ìyẹ́ àti ìrù bá bo ti inú ìwé láìyọ, ó ti tọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán ọ̀dà wò lórí ṣíbí

Ọ̀dà mọ́dẹ̀lì tó ní tínà nínú kì í rọrùn láti fi bàálù kó wọlé, torí ó máa ń gbiná. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa ní Ifẹ̀ fi ń po tiwa láti ara ọ̀dà ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa, àwọn tó ń kun ọkọ̀ sì ni olùkọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti bàbá kan tó ń po ọ̀dà ní ọ̀nà Ìbàdàn, mo gbé páálí àpẹẹrẹ 34102 mi lọ́wọ́. Ó da dúdú díẹ̀, ó da yẹ́lò, ó rò ó, ó fi ìka kan án sórí irin.

"Bàbá, ó ti bá a mu, sà."

"Fi sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Ọ̀dà tútù ń purọ́."

Ó gbé irin náà sí oòrùn. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọ̀ náà ti yí, ó ti ṣú ju páálí mi lọ. Ó fi funfun bí orí abẹ́rẹ́ kún un, ó tún fi ìka kan irin, ó tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí mọ ohun tó ń ṣe: aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró máa ń ṣe bí ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Aláró kì í fi aṣọ tútù dá iye lé.

Nítorí náà: ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ eérú kun ẹ̀yìn ṣíbí, kó gbẹ. Ẹ fi àwọ̀ tí ẹ pò kun ún, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ kọ iye tí ẹ pò sí ọwọ́ ṣíbí náà, ní ẹ̀kán sí ẹ̀kán. Ẹ wò ó ní ìta lábẹ́ òjìji, láàárín aago mẹ́wàá sí méjì ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù: àwọ̀ méjì lè jọra lábẹ́ gílóòbù kí wọ́n sì yapa níta.

Ìkìlọ̀ méjì. Tínà ọkọ̀ máa ń jẹ rọ́bà mọ́dẹ̀lì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára igi rọ́bà tí wọ́n fi so ẹ̀yà kíìtì pọ̀, ẹ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ sì bo imú yín níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Èkejì: àwọn kan ń fi funfun kún ọ̀dà mọ́dẹ̀lì kékeré kó má baà ṣú jù lójú. Èmi náà ń ṣe é ní 1/72, ṣùgbọ́n n kì í ju ẹ̀kán kan nínú mẹ́wàá lọ, mi ò sì ń fi funfun sínú ewé, torí ó ń mú un dà bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Iyanrìn 30219 díẹ̀ ni mo fi ń mú ewé mọ́lẹ̀.

Ẹ to ṣíbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé funfun, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun. Bí wọ́n bá tò bí nọ́ńbà wọn ṣe tò, ọ̀dà ti ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ohun tó dá yín lójú àti èyí tí kò dá yín lójú

Kí ẹ tó fọ́n ọ̀dà, ẹ kọ A, B tàbí D síwájú ohun kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín. A: mo ní nọ́ńbà rẹ̀ láti inú ìwé. B: mo rí i nínú fọ́tò méjì. D: èrò mi ni. Inú ilé táyà, abẹ́ ìyẹ́ òsì, orí ìrù lẹ́yìn: ibẹ̀ ni D máa ń pọ̀ sí. Kò sí ìtìjú nínú D, ṣùgbọ́n bí D bá wà lára ààlà òkè tí gbogbo ènìyàn máa rí, ẹ pa dà sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ẹ wá kùn ún. Kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ẹ gbé mọ́dẹ̀lì síta, ẹ mú fóònù wálẹ̀ dé ibi tí kámẹ́rà ti wà nínú fọ́tò yín tó dára jù, ẹ yà á, ẹ sọ méjèèjì di dúdú-àti-funfun, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ tẹ̀ lé ààlà kọ̀ọ̀kan láti imú dé ìrù. Níbi tí mọ́dẹ̀lì bá ti yà kúrò lọ́dọ̀ fọ́tò, ẹ fi pẹ́ńsùlù àmì sí i, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ọ̀dà tí ẹ pò ṣì kù nínú ìgò.